Adìẹ Olómi-Ọsàn fún Oúnjẹ Alẹ́ Ìgbà Òtútù

Ọyẹ́ a máa mú ní ilẹ̀ wa. A máa la ènìyàn ní ètè, a máa mú kí àwọn àgbà yá iná ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ga díẹ̀, olúkúlùkù a bọ́ aṣọ òtútù sílẹ̀, a sì gba oko tàbí ọjà lọ. Òtútù Ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì ọdún, igi púpọ̀ a ti wọ́ ewé sílẹ̀, koríko a gan ní òwúrọ̀, oòrùn pàápàá a sì di àlejò. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí ọ̀sán bá kúrú jù lọ, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ a ti lù kí oòrùn tó yọ, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kì í sì í tíì lù tí yóò fi wọ̀. Ẹni tí ó bá ti ibi iṣẹ́ tàbí ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀ nínú irú òkùnkùn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe oúnjẹ nìkan ni ó ń wá. Ó ń wá ilé tí ó gbóná, òórùn dídùn láti ilé-ìdáná, àti ẹni tí wọn yóò jọ jókòó.

Ọ̀kan nínú àwọn oúnjẹ tí ó bá irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ mu ni adìẹ tí a fi omi ọsàn àti ewé olóòórùn dídùn rẹ, tí a sì yan nínú ààrò onírin, èyí tí ooru rẹ̀ ń yí ẹran ká láti òkè àti láti ìsàlẹ̀. Èlò rẹ̀ kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó wà ní òkè òkun lè fi í ṣe àlejò láìjẹ gbèsè. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú sísè rẹ̀ tí ẹni tí ó mọ adìẹ sè dáadáa ní ilé lè ṣì ṣe. Èmi ti ṣì í ṣe rí, ojú àlejò ni mo sì ti ṣì í ṣe. Nítorí náà ni mo fi rò pé ó yẹ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́, nítorí ẹlòmíràn nínú yín yóò gbé ìgbà òtútù lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kan.

Ẹ̀kọ́ ọdún kan ni ó gbé mi dé Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá onílé tí mo wọ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ opó àgbàlagbà kan, láti ìgbà tí òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń gbé tíì gbígbóná wá bá mi ní alaalẹ́. Mo pinnu láti san oore yìí fún un. Mo pè é wá jẹun alẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kejìlá, mo sì pe ẹ̀gbọ́n mi kan, ará Ìjẹ̀bú, àti aya rẹ̀ mọ́ ọn. Mo ra adìẹ kan tí ó sanra, mo ra ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́wàá. Mo rántí pé ní ilé wa, agbébọ̀ kì í tètè rọ̀, nítorí náà mo fún gbogbo ọsàn náà sí adìẹ yìí lára ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé e sínú ìkòkò sílífà, mo sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ilé-ìdáná títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wákàtí 21 gbáko! Nígbà tí mo gbé e wọ inú ààrò, kò pẹ́ tí ó fi funfun tí ó sì rọ̀ bẹ̀tẹ̀bẹ̀tẹ̀, mo bá yọ ọ́ kíá, mo ní ó ti jinná.

Nígbà tí mo gé e lójú àlejò, òde ara rẹ̀ ń fọ́ bí ìyẹ̀fun tí a fi omi pò, ó kan bí ọtí kíkan, ó sì ń rùn bí irin. Ṣùgbọ́n ní ìdí eegun itan, ẹ̀jẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ rokoṣo. Ìyá onílé tọ́ ọ wò díẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi mu omi púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ń lọ, aya rẹ̀ fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Tíṣà wa, adìẹ òyìnbó kì í ṣe agbébọ̀ o.”

Òótọ́ ni ó sọ. Agbébọ̀ ti yé ẹyin, ó ti pa ọmọ, ó ti fi ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sá kiri àgbàlá, ó ti fò sórí igi, ó ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Gbogbo iṣan rẹ̀ ni ó ti ṣiṣẹ́, nítorí náà ni ó fi le, tí a fi ń sè é pẹ́. Adìẹ tí wọ́n ń tà ní ọjà òyìnbó jẹ́ èyí tí wọ́n fi oúnjẹ bọ́ kíákíá, a sì máa ń pa á ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré lẹ́yìn tí a pa á lọ́mọ. Kò mọ eré sísá, kò mọ ìjà. Ara rẹ̀ ti rọ̀ kí ó tó dé ọwọ́ alásè. Ohun tí ó ṣe aláìní ni adùn àti òórùn. Ẹni tí ó bá fi omi kíkan rẹ irú adìẹ bẹ́ẹ̀ pẹ́ ń fún un ní ohun tí kò tọrọ.

Kí ni omi ọsàn ń ṣe sí ẹran? Ásíìdì wà nínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ti lẹ́mọ́nì, òun ni ó mú kí wọ́n kan. Ásíìdì yìí ń ṣe ohun kan tí ó jọ iṣẹ́ iná. Ẹran kún fún èròjà amúaradàgbà, ẹ sì lè fi èròjà yìí wé òwú tín-ín-rín tí a ká róbótó. Bí iná bá kàn án, òwú náà a tú, a sì lọ́ mọ́ ara wọn. Nígbà náà ni ẹran a funfun, tí a sì gan. Omi kíkan náà ń tú òwú yìí. Bí ẹ bá gé ègé kékeré kan lára igẹ̀ adìẹ, tí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún wákàtí kan, ẹ ó rí i tí ara rẹ̀ yóò funfun bí ẹni pé a ti bọ̀ ọ́. Àwọn ará Perú ní gúúsù Amẹ́ríkà ń jẹ ẹja tí wọ́n ṣe lọ́nà yìí láìfi iná kàn án, ceviche ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ ègé adìẹ tí ẹ fi dán an wò. Funfun yàtọ̀ sí jinná. Omi ọsàn kì í pa àwọn kòkòrò àrùn inú adìẹ tán, àìmọ èyí ni ó sì mú kí n yọ adìẹ mi kúrò nínú ààrò ṣáájú àkókò.

Ohun mìíràn tí a ní láti mọ̀ ni pé omi ọsàn kì í wọ inú ẹran lọ jìnnà. Bí a tilẹ̀ rẹ ẹ́ mọ́jú, ìwọ̀nba díẹ̀ lábẹ́ awọ ni yóò dé. Bí ó bá ti ń pẹ́, inú kò ní rí nǹkan kan gbà, òde ni yóò máa bàjẹ́ sí i. Iyọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ a máa fi sùúrù wọ inú ẹran lọ, a sì máa ran ẹran lọ́wọ́ láti di omi ara rẹ̀ mú nígbà tí ooru bá ń fà á jáde. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fún iyọ̀ ní àkókò tirẹ̀, kí á sì fún ọsàn ní tirẹ̀: iyọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, omi ọsàn ní wákàtí méjì sí mẹ́rin ṣáájú ìdáná. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni n kò mọ̀ tí mo fi ba adìẹ jẹ́.

Bí ó bá ṣe ti òórùn ọsàn, inú èèpo ni ó pọ̀ sí ju inú omi lọ. Èyíkéyìí nínú yín tí ó bá ti tẹ èèpo ọsàn sí ojú àbẹ́là rí yóò ti rí i bí òróró inú rẹ̀ ti ń ta pàrà nínú iná. Òróró náà ni a ń wá. Ẹ ó fi ohun tí a fi ń rin ilá rin èèpo náà fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró níbi tí ẹ bá ti kan funfun, nítorí funfun abẹ́ rẹ̀ korò. Òórùn ewé pẹ̀lú kì í yọ́ sínú omi dáadáa, sínú òróró ni ó máa ń yọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń gún ewé pọ̀ mọ́ òróró kí á tó fi ra ẹran lára. Ewé kan sì yàtọ̀ sí èkejì. Àwọn tí ara wọn le, bíi táìmù, rósímárì àti séèjì, lè fara da ooru ààrò fún wákàtí kan. Àwọn tí ara wọn rọ̀ kò lè fara dà á. Àwọn ìyá wa mọ èyí tipẹ́, nítorí ìgbà tí ọbẹ̀ bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni wọ́n ń já ẹfinrin sí i.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìgbà òtútù ni irú adìẹ yìí bá mu jù. Ìgbà náà gan-an ni àwọn èlò rẹ̀ wà. Nígbà tí èso ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti tán lórí igi, nígbà náà ni ọsàn ń pọ́n ní ilẹ̀ Sípéènì. Ọkọ̀ a sì máa kó o wá. Ọsàn kíkan ti ìlú Seville máa ń dé ọjà Ìlú Ọba ní oṣù kìíní ọdún, òun ni àwọn obìnrin ibẹ̀ ń fi ṣe mámáléèdì tí wọ́n ń fi jẹ búrẹ́dì. Ó kan ju ọsàn mímu lọ, kò kan tó ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì dára púpọ̀ fún adìẹ. Bí ẹ bá wo ọgbà ẹ̀yìn ilé, ewébẹ̀ púpọ̀ a ti kú, ṣùgbọ́n rósímárì, táìmù àti séèjì a ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ewé wọn, bí òjò dídì tilẹ̀ bò wọ́n. Àwa náà ní irú èyí ní ilé: ìgbà ọyẹ́ ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, tí kíkan rẹ̀ sì ń dùn mọ́ ẹnu tí ó gbẹ.

Ọsàn ṣe oore fún àwọn òyìnbó ju ti adùn lọ. Ní ọdún 1747, nínú ọkọ̀ ojú omi Salisbury, oníṣègùn James Lind mú atukọ̀ 12 tí àrùn àìjẹ èso ti mú kí erìgì wọn rà, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tí ó ń fún ní ọsàn àti lẹ́mọ́nì ni ó kọ́kọ́ gbádùn. Fítámì tí ó ṣe iṣẹ́ náà ń dín kù bí iná bá kàn án, nítorí náà ẹ má gbójú lé adìẹ yìí fún un. Ẹ fi ọsàn tútù sí orí tábìlì pẹ̀lú.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa fífọ adìẹ, nítorí ibẹ̀ ni èmi àti aya ẹ̀gbọ́n mi ti jiyàn. Ní ilé, ẹni tí kò bá fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ adìẹ, ọ̀bùn ni a ó pè é. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí àwa fúnra wa ni a pa á, tí a tu ìyẹ́ rẹ̀, tí a fi iná jó o, tí a sì yọ ìfun rẹ̀. Adìẹ inú ọ̀rá ní ọjà òyìnbó ti gba gbogbo èyí kọjá. Ohun tí ó kù lára rẹ̀ ni kòkòrò tí a kò lè fi ojú rí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Campylobacter, tí ó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Omi kì í fọ̀ ọ́ kúrò. Ńṣe ni omi máa ń ta á sí ara aṣọ, àwo àti ewébẹ̀ tí a kò ní sè. Ní ọdún 2014, àjọ Food Standards Agency ti Ìlú Ọba rọ gbogbo ará ìlú pé kí wọ́n má ṣe fọ adìẹ tútù mọ́. Iná ni ó ń pa kòkòrò náà. Ẹ fi bébà nù ún, kí ẹ sọ bébà náà nù, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó tí ẹ gé e lé. Aya ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbà títí di òní.

Ó tó àkókò kí á dáná. Fún ènìyàn mẹ́rin, ẹ ra adìẹ kan tí ó wọn kìló kan àti ààbọ̀ tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyí tí ó dì, inú fíríìjì ni kí ó ti yọ́, yóò sì gbà tó ọjọ́ kan. Ẹ gé eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ igẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Nípa bẹ́ẹ̀ itan àti igẹ̀ yóò jinná pọ̀. Ẹ fi iyọ̀ tí ó kún ṣíbí ìmutíì mẹ́ta ra gbogbo ara rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sínú fíríìjì mọ́jú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ rin èèpo lẹ́mọ́nì kan àti ọsàn kan. Ẹ gún áyù mẹ́rin pẹ̀lú táìmù àti rósímárì díẹ̀díẹ̀; rósímárì lágbára, ẹ̀ka kékeré kan ti tó. Ẹ po ìwọ̀nyí mọ́ òróró ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, omi lẹ́mọ́nì kan, àti omi ààbọ̀ ọsàn. Mo máa ń fi ata gígún wa díẹ̀ sí i. Òyìnbó kì í fi sí i, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ẹ fi í ra adìẹ lára àti lábẹ́ awọ, nínú abọ́ tánganran tàbí ti gíláàsì. Ìkòkò sílífà kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí omi kíkan a máa jẹ ẹ́. Òun ni ó fa òórùn irin tí mo sọ. Ẹ dá a padà sínú fíríìjì. Bí ó ti wù kí òtútù mú tó ní ìta, inú ilé tí a fi ẹ̀rọ mú gbóná kò tutù tó láti fi ẹran sílẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí ààrò gbóná dé ìwọ̀n 200 ti Celsius. Ẹ gé àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì àti ọ̀dùnkún sí ìsàlẹ̀ páànù, kí ẹ nu omi ara adìẹ kúrò, nítorí awọ tútù kì í pọ́n, kí ẹ sì tẹ́ ẹ lé wọn lórí. Nǹkan bí wákàtí kan ni yóò lò. Ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹ kò ní gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà òórùn rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí jáde, èèpo ọsàn ṣáájú, áyù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn wọn ni ọ̀rá adìẹ tí ń jó lórí àlùbọ́sà; gbogbo ẹni tí ó wà nínú yàrá tirẹ̀ yóò sì rí ìdí kan láti wá sí ilé-ìdáná. Bí awọ bá fẹ́ jóná nítorí ṣúgà inú ọsàn, ẹ fi bébà onírin bò ó. Ẹ má ṣe gba ojú gbọ́ bí mo ti ṣe. Ẹ ki ẹ̀rọ ìwọn-ooru bọ ibi tí itan ti nípọn jù, kí ó má kan eegun. Bí ó bá fi 74 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀, adìẹ ti jinná. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí omi ara rẹ̀ má baà ṣàn tán sórí pátákó. Omi ọsàn tí ẹ fi rẹ ẹ́ nígbà tí ó wà ní tútù, ẹ dà á nù. Ààbọ̀ ọsàn tí ó kù ni kí ẹ fún sórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé e síwájú àlejò.

Ní oṣù kejì ọdún, mo tún pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òjò dídì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi sì ti bá mi sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù pé àwọn ti jẹun díẹ̀ kí àwọn tó kúrò nílé, bí ó bá ṣẹlẹ̀. Ìyá onílé kọ́kọ́ gba apá kan péré. Nígbà tí ó ṣe, ó béèrè bí itan bá kù. Aya ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan. Ó na àwo rẹ̀ sí mi, mo bù fún un, ó sì tún nà án lẹ́ẹ̀kejì. Ní ọjọ́ kejì mo kó gbogbo eegun tí ó kù sínú ìkòkò pẹ̀lú àlùbọ́sà àti ata rodo méjì, mo sè é fún wákàtí méjì, omi rẹ̀ ni èmi àti ìyá onílé sì mu dípò tíì ní alẹ́ náà.